Gbígba fáìlì òbí tó ti kú lọ́dọ̀ àjọ tẹ́tẹ́ ìpínlẹ̀: ẹ ṣọ́ ọjọ́ 30

Arábìnrin mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá; Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ti Kánádà gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí Bàbá fi ń ta lọ́tìrì, àti àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san fún ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ pé Bàbá jẹ owó àṣẹ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà ní ọdún 2025 nìyí.

Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni Bàbá tiwa gbé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ mìíràn ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Èmi wà ní Manchester, nítorí náà àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń jí lọ wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé tí ó bá ní ọ́fíìsì àjọ tẹ́tẹ́ ìpínlẹ̀ náà kò tilẹ̀ gba lẹ́tà tí a fi béèrè fáìlì Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó gba Àbújá lọ, pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́tìrì. Ó dùn mí gan-an, torí pé láti ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti fagi lé Òfin Lọ́tìrì ti ọdún 2005, tí wọ́n sì sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó láṣẹ lórí tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì, yàtọ̀ sí ti Àbújá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó padà lọ, ọ̀gá kan sọ pé Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, èyí tí ó fún ènìyàn láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kò kan ìpínlẹ̀ àwọn. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, ilé ẹjọ́ kan náà ti là á mọ́lẹ̀ pé gbogbo ìpínlẹ̀ ni òfin náà dè. Ẹ kọ déètì méjèèjì yìí sínú lẹ́tà yín. Tí wọ́n bá béèrè owó wíwá fáìlì, bí wọ́n ṣe béèrè náírà 25,000 lọ́wọ́ wa, ẹ má san án. Owó ṣíṣe ẹ̀dà àti àdàkọ nìkan ni òfin fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kéré sí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Láti ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá ti gba lẹ́tà yín, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé láti sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́ náà sí kíkọ̀, ọjọ́ 30 tí ẹ ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa kò mọ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà wa. Ní ọjọ́ 10, ìdákẹ́ wọn ti di kíkọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọjọ́ wa ti pé. Ní gbogbo àkókò yẹn, "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé", "ọ̀gá lọ sí ìpàdé", "fáìlì ti ń bọ̀" ni wọ́n ń sọ fún àbúrò mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ìyá wa sì ń bẹ̀ wá pé kí a má bá ìjọba fa wàhálà, pé ẹ̀gbọ́n àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹni náà gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Kí a tó kàn sí lọ́yà, oṣù Kẹsàn-án ti wọlé. Òótọ́ ni pé adájọ́ lè fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ọ̀tọ̀ ni lọ́yà yóò kọ fún un, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Náírà 180,000 ni ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan gbà lọ́wọ́ mi, a kò sì tíì dé orí ẹjọ́ gan-an.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá rán, ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ni kí ó kọ́kọ́ ya fọ́tò, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà.

Òfin kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè ìwé, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo fáìlì ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, àyàfi tí ẹni náà bá gbà kí wọ́n fi hàn. Bàbá kò sí mọ́ láti fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí a fi so ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga ń fún ajogún mọ́ lẹ́tà wa. Ring Road ni a ti gba tiwa, kò sì ni wá lára. Ẹ má sì béèrè ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, torí pé àṣírí òwò ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì fi í bojú láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìwé àṣẹ Bàbá àti rìsíìtì owó wọn ni kí ẹ dárúkọ, pẹ̀lú ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Ní ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì ni yóò ṣàlàyé ìdí tí ó fi kọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, owó ìtanràn náírà 500,000 sì wà fún ẹni tí ó bá kọ̀ láìtọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gba ìwé ìpẹ̀jọ́ wa ni fáìlì Bàbá yọjú, gbogbo rìsíìtì sì pé nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ti fi lẹ́tà sílẹ̀, ẹ kọ déètì orí òǹtẹ̀ náà síbí, n ó bá yín ka ọjọ́ rẹ̀.