Ọ̀wọ́n gógó já, gàárì ò já: kí ló kan owó wa níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò iye ọjà, ní ọ̀wọ́n gógó tó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní December 2024 já sí 24.48 ní January 2025. Lọ́jà Jagun níbí, owó gàárì ò yẹ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Mo fẹ́ ra treasury bill, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú. Kí ló kàn mí nínú ìṣirò wọn? (Oníṣòwò kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Irọ́ kọ́, ìyá wa, àmọ́ iye méjèèjì ò ṣeé fi wéra. Ìṣirò January yẹn ni NBS fi yí ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi iye ọjà wé, padà láti 2009 sí 2024. Oúnjẹ, tó ń kó ju ìdajì ìṣirò lọ tẹ́lẹ̀, wá di nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni fi kóńgò kan ra gàárì, tó fi òmíràn tà á ni. Àti pé 24.48 kì í ṣe iye ọjà, eré tí iye ọjà fi gorí láàárín ọdún kan ni. Bí eré náà bá dín, gàárì ṣì ń wọ́n sí i. Kò kàn yára tó ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ wá sọ̀rọ̀ owó yín. Àwọn báńkì àti àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ti máa ń fojú bu iye tí NBS yóò kéde. Tí iye náà bá kéré sí èyí tí wọ́n rò, wọ́n á gbà pé Báńkì Àpapọ̀ máa tó dín èlé kù, wọ́n á sì sáré ra bill ọlọ́jọ́ 364, kí èlé tó já. Ìsáré yẹn gan-an ló ń já èlé ọ̀hún. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó August 2025 wá sí 20.12, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Báńkì Àpapọ̀ dín èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí èlé yòókù ń tẹ̀ lé, láti 27.50 sí 27.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: iye tí wọ́n pè fún bill kì í ṣe èrè yín. Ká ní wọ́n pe 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ọlọ́jọ́ 364. Ṣáájú ni wọ́n ti ń yọ èlé náà kúrò lára iye tí ẹ ó gbà. Láti gba ₦100,000, ₦82,049 lẹ máa san lónìí, ẹ ó jèrè ₦17,951. Ẹ fi 82,049 pín in: 21.88 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Èyí ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́n gógó. Tí ọ̀wọ́n gógó bá dúró sí 24.48 títí bill yín fi pé, owó yín á pọ̀ sí i, ohun tó lè rà á dín kù. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni NBS ń sọ, ọdún tó ń bọ̀ ni bill yín. Nítorí náà, ẹ máa wo iye ti oṣù sí oṣù pẹ̀lú, ìyẹn bí iye ọjà ṣe gorí láàárín oṣù kan, òun ló máa ń kọ́kọ́ yí.

ÌBÉÈRÈ: Níbo la ti lè rí iye ọ̀wọ́n gógó tòótọ́, kì í ṣe ti WhatsApp? Ṣé ti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀? (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Lórí ìkànnì NBS, nigerianstat.gov.ng, ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣooṣù. Ti oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi wé ti Èkó. NBS fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ohun tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń náwó lé lórí yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ bill lẹ fẹ́ rà, ti orílẹ̀-èdè ni kí ẹ wò, torí òun ni àwọn tó ń pe èlé ń wò.