Má dúró de pírọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn

Àbúrò mi tó wà ní 200 level microbiology, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, o ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kí wọ́n tó pín pírọ́jẹ́ẹ̀tì, àmọ́ GP rẹ (àpapọ̀ èsì ìdánwò rẹ) ò wọ 4, o ò sì mọ olùkọ́ tí yóò gbà ọ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí lèmi náà ti kàwé, ẹ̀ka kan náà ni, GP tèmi ò sì dára tó tìrẹ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, má dúró.

Olùkọ́ mẹ́ta ni mo lọ bá. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n padà wá bí mo bá dé 400 level. Ẹnì kejì ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ẹnì kẹta ló bi mí pé kí ni mo ti kà nínú iṣẹ́ òun. Mo ti ka ọ̀kan lórí gàrí, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìdajì rẹ̀ ò yé mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí àtẹ tí kò yé mi gan-an. Ó ní, "Ó dáa, wá lọ́jọ́rùú." Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kọ létà sí olùkọ́, má kàn kọ pé o nífẹ̀ẹ́ sí ìwádìí. Sọ èyí tí o kà, sọ ibi tí kò yé ọ, sọ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ máa ń dilẹ̀. Ìlà márùn-ún ti tó. Wá orúkọ wọn lórí Google Scholar àti African Journals Online, wàá rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi fọ ìgò. Má ka ìyẹn sí ìyà o. Ibẹ̀ ni technologist láàbù ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò ara ohun èlò: ooru 121°C, ìṣẹ́jú 15, kí èèyàn má sì ṣí i kó tó rọlẹ̀. Sún mọ́ wọn dáadáa. Olùkọ́ lè rìnrìn àjò, àwọn wọ̀nyí ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gàrí dé. Gbogbo wa la mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan. Wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Àwọn bàkítéríà, Lactobacillus wà lára wọn, á máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì, pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan (bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan ń kan sí), tó wà ní nǹkan bíi 6 á wá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Rírin ló ń jẹ́ kí cyanide, májèlé inú ẹ̀gẹ́, tú jáde, fífún àti yíyan ló ń lé e lọ. Iṣẹ́ mi ni pé kí n bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní ọjọ́ mélòó ló ń gbé nínú àpò, kí n gba díẹ̀ wá, kí n ṣe irú rẹ̀ ní láàbù, ká fi wọ́n wéra.

Ìyá kan ní, "Ọjọ́ kẹrin la ń yan án." Èmi náà fi tèmi sílẹ̀ fún wákàtí 96 gbáko. Gbogbo ìgbà ni tèmi ń kan ju tiwọn lọ. Mo fura sí omi, mo fura sí àpò, mo fura sí ooru yàrá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó ti sú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tún ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí ṣí. Lábẹ́ orúkọ ìyá yẹn, mo ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Bá a bá rin ín lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ la ó yan án." Ajé sí Ọjọ́bọ̀! Wákàtí 72 nìyẹn. Ìyá ka ọjọ́ tí wọ́n rin ín mọ́ ọn, bí a ti ń ka ọjọ́ nílẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ọjà ọrọọrún náà, bí o bá fi aago kà á, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Olùkọ́ mi ka ojú ewé náà láàárọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n padà sí ibi méjèèje tí mo ti lọ, kí n béèrè orúkọ ọjọ́ àti àkókò, kì í ṣe iye. Mo lọ. Ó tún yà mí lẹ́nu: ibi méjì wà tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ lálẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Ká ní "4" péré ni mo kọ sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe nìyẹn. Ra ìwé kan, kọ nǹkan sí i lọ́jọ́ tí o gbọ́ ọ, bí o ṣe gbọ́ ọ, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Fi bíírò kọ ọ́. Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kó ṣì ṣeé kà, má ya ewé. Fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, sọ ohun tí o fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe fún un, kó fúnra rẹ̀ gbà. Kí o sì padà lọ sọ ohun tí o rí. Àwọn ìyá yẹn fẹ́ mọ̀ ọ́n ju bí mo ti rò lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o sanwó kí orúkọ rẹ lè wọ iṣẹ́ tí o ò ṣe, sá.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kọ́ ìtàn, tó ní kò sí ìwádìí fún àwọn, sọ fún un pé Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, ju kìlómítà 160 lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí oko wọn bá a pààlà.

Kọ létà ìlà márùn-ún yẹn lónìí, kó o fi síbí kí n bá ọ wò ó. Yọ orúkọ olùkọ́ kúrò kó o tó fi í síta.