Báwo ni mo ṣe lè mú kí AIDE (ètò tó ń ṣọ́ bóyá fáìlì orí kọ̀ǹpútà ti yí padà) dẹ́kun kíké lórí fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) lójoojúmọ́?

Kọ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìyanu (!) fún fáìlì náà sínú /etc/aide.conf, kí o sì tún dátábéèsì AIDE ṣe. Ibẹ̀ ni fáìlì ètò rẹ̀ wà lórí Rocky Linux. Lórí Debian, /etc/aide/aide.conf ni.

Àpẹẹrẹ: !/var/log/maillog$

Má gbàgbé $ tó wà níparí yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ni AIDE máa ń bá mu bí kò bá sí i, nítorí náà fódà tó ń jẹ́ /var/log/maillog.d náà yóò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò, ẹni tó bá já wọlé sì lè kó nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Ó sàn kí o dín ohun tí à ń yẹ̀ wò kù ju kí o yọ fáìlì log kúrò pátápátá. Ìlà "/var/log p+u+g" yóò wo àṣẹ ìlò, ẹni tó ni fáìlì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní wo ìwọ̀n tàbí hash (àmì tí a ṣírò láti inú ohun tó wà nínú fáìlì). Àmọ́ tí logrotate (ètò tó ń fi fáìlì log tuntun rọ́pò ti àtijọ́) bá dá fáìlì tuntun sílẹ̀, yóò ṣì hàn nínú ìròyìn.

Fi "aide --config-check" wá àṣìṣe, kí o tó lo "aide --update". Ka ìròyìn tó gbé jáde dáadáa, torí ohunkóhun tí o bá gbà wọlé báyìí ni AIDE yóò máa kà sí ohun tó tọ́. Lẹ́yìn náà, lórí Rocky Linux, sọ aide.db.new.gz di aide.db.gz nínú /var/lib/aide. Bí o kò bá ṣe èyí, dátábéèsì àtijọ́ ni àyẹ̀wò ọ̀la yóò lò.