Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irú ilé wo ni kí n kọ́ de ejò mi àkọ́kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ń sin ejò láti ọjọ́ pípẹ́ ṣèlérí pé òun yóò fún mi ní òjòlá kékeré kan ní oṣù tí ń bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ball python. Ejò náà ti pé ọmọ ọdún kan. N kò sin ejò rí. Mo ní àpótí gíláàsì kan nílé tí mo fi ń sin ẹja tẹ́lẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ńtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 45. Èrò mi ni pé bí mo bá da iyanrìn sí i, tí mo gbé abọ́ omi sí i, tí mo sì so gílóòbù kan kọ́ sókè rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ kò yé mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó kù?

ÌDÁHÙN: Inú wa dùn pé ẹ béèrè kí ejò tó dé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé ejò wálé kí ó tó máa wá ilé fún un ni yóò máa tún àpótí ṣe lé ẹranko náà lórí, nígbà tí ìpayà ti bá a, ejò tí ìpayà bá sì bá kì í fẹ́ jẹun. Oṣù kan tí ẹ ní yìí tó fún gbogbo ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ooru ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ara ejò kì í dá ooru tirẹ̀ ṣe bí ara ènìyàn tàbí ti ajá. Láti inú oòrùn, ilẹ̀ àti òkúta ni ó ti ń gba ooru, nígbà tí ara rẹ̀ bá sì gbóná jù, yóò wọ́ lọ sí ibòji. Bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kò ní í dà nínú rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì lè bì í jáde. Nínú igbó, ó ní ilẹ̀ gbalasa láti fi ṣe ààyò, ṣùgbọ́n nínú àpótí, ìwọ̀nba ààyò tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún un náà ni ó ní. Nítorí náà, àpótí tí ibi gbogbo inú rẹ̀ gbóná bákan náà kò dára, èyí tí ibi gbogbo inú rẹ̀ tutù kò sì dára. Ohun tí ẹ ń wá ni àpótí kan tí ó ní apá méjì: ní ìkangun kan, kí ibi tí ejò ti ń yá ooru wà ní nǹkan bí 31 sí 33°C, ní ìkangun kejì, kí ó wà ní nǹkan bí 25 sí 27°C. Ní òru, ooru lè rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 24°C.

Ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù lójú tèmi ni ibi ìfarapamọ́. Apá ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Áfíríkà ni òjòlá yìí ti wá, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni ó sì ti máa ń sá pamọ́ ní ọ̀sán. Ó fẹ́ kí ara rẹ̀ kan ògiri yíká; ibi tí ó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ kì í fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ibi ìfarapamọ́ kan ṣoṣo sí apá tí ó tutù ti fi ejò náà sí àárín ọ̀nà méjì: kí ó jáde lọ yá ooru níta gbangba pẹ̀lú ẹ̀rù, tàbí kí ó jókòó sínú ààbò pẹ̀lú oúnjẹ tí kò dà nínú ikùn. Ààbò ni yóò mú, ẹ ó sì máa rò pé ó ń sinmi ni. Méjì ni kí ẹ pèsè, kí ọ̀kan wà ní apá tí ó gbóná, kí èkejì wà ní apá tí ó tutù, kí méjèèjì jọra, kí wọ́n rẹlẹ̀, kí ẹnu wọn má sì fẹ̀ ju ibi tí ejò lè gbà wọlé lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀ka igi àti ewé oníke kún àárín, kí ó lè rìn láti apá kan dé èkejì láì jẹ́ pé ìhòòhò ni ó ń rìn.

Ní ti gílóòbù, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe lò ó láìsí thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pa iná nígbà tí ooru bá ti tó tí ó sì ń tàn án padà nígbà tí ó bá dínkù. Ohun tí ó mú kí n tẹnu mọ́ èyí ni pé ejò lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tí ń jó o ní ikùn láì kúrò níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi bó. Fún ìdí kan náà, ẹ yàgò fún òkúta oníná tí wọ́n ń tà fún ẹranko bẹ́ẹ̀. Bí gílóòbù bá wà nínú àpótí, ẹ fi agọ̀ wáyà bò ó, nítorí pé ejò yóò wé mọ́ ọn. Ní òru, ẹ má ṣe tan iná aláwọ̀ pupa tàbí búlúù. Ohun amúgbóná tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ ni ó dára, kí ọ̀sán ejò náà lè jẹ́ ọ̀sán, kí òru rẹ̀ sì jẹ́ òru. Ẹ ra tẹ̀mómítà méjì, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé ojú wọn sí ibi tí ara ejò yóò kàn gan-an. Èyí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lókè kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó.

Àpótí yín tó ejò ọlọ́dún kan, pàápàá bí ẹ bá fi nǹkan kún un dáadáa. Nígbà tí ó bá dàgbà, yóò nílò èyí tí gígùn rẹ̀ kò dín ní 120 sẹ̀ńtímítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 60. Ẹ rántí pé irú ejò yìí lè lo 20 sí 30 ọdún nílé ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀.

Ìdérí ni kí ẹ wò dáadáa. Àpótí ẹja kì í sábà ní ìdérí tí ó ṣeé tì. Ejò àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi sìn, ìwé ńlá méjì ni mo gbé lé ìdérí rẹ̀. Ó fi imú tì í sókè ní òru, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi wá a kí n tó rí i lẹ́yìn fíríjì, níbi tí ó ti lọ wá ooru. Ó yè, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹ ṣe ìdè sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì dí ihò tí wáyà gbà wọlé.

Ẹ fi iyanrìn sílẹ̀. Ó máa ń gbẹ jù, ó sì ń wọ ẹnu ejò nígbà tí ó bá ń jẹun. Èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ dára, nítorí pé ó ń di omi mú. Èérún igi kédárì kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí rárá. Òórùn inú epo rẹ̀ máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró ejò lára. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà ní ìdá 55 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì lọ sókè díẹ̀ nígbà tí ejò bá fẹ́ bọ́ awọ, ìyẹn nígbà tí ojú rẹ̀ bá di funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, awọ náà yóò máa já wẹ́wẹ́, èyí tí ó bo ojú sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìdérí yín bá jẹ́ àwọ̀n wáyà, ẹ bo apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bò ó tán: ọ̀rinrin tí kò rí afẹ́fẹ́ a máa fa àrùn èémí. Abọ́ omi ní tirẹ̀ kò ju kí ó wúwo, kí ó má sì dojú dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan kí ejò tó dé, ẹ tan gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí òfìfo, kí ẹ máa wo tẹ̀mómítà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní òru. Bí ó bá ti dé, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méje, ẹ kàn máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fún un ní eku.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi ejò méjì sínú àpótí kan ṣoṣo kí wọ́n lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ejò irú èyí kì í wá ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rí méjì tí wọ́n wé mọ́ra lójú kan, ibi tí ó gbóná ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá bì tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà, ẹ kò ní í mọ èyí tí ń ṣàìsàn. Àpótí méjì ni kí ẹ ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé mi. Ṣé ewu wà nínú kí àpótí ejò wà ní pálọ̀?

ÌDÁHÙN: Àpótí lè wà ní pálọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lára rẹ̀, tí oòrùn ojú fèrèsé kò sì kàn án. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ ni Salmonella, kòkòrò àrùn tí ó lè wà lára ejò tí ara rẹ̀ le koko. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ejò tàbí ohun inú àpótí rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kàn án, kí ẹ sì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ tí ẹ ó máa fi fọ abọ́ omi rẹ̀, kí ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ níbi tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ.