Ìwé Wo La Máa Kó Lọ Sí Kòtẹ́milọ́rùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú. High Court Abẹ́òkúta níbí dá ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá wa fún ẹnìkejì. Lẹ́yìn ìdájọ́ ni àbúrò mi wá rí rìsíìtì ilẹ̀ náà nínú àpótí bàbá wa. Ṣé ká fi kún ìwé tí a máa gbé lọ sí kòtẹ́milọ́rùn?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yín sì ká mi lára. Kòtẹ́milọ́rùn kì í tún ẹjọ́ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní High Court, ni àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn máa yẹ̀ wò, rìsíìtì yín kò sì sí níbẹ̀. Lọ́yà yín ní láti tọrọ àyè kí wọ́n tó gbà á, kó ṣàlàyé ìdí tí ẹ ò fi rí i bí ẹ tilẹ̀ wá a dáadáa. Wọ́n á bi yín pé ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Oṣù 3 lẹ ní láti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni wọ́n sì ti máa kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Tí ẹ bá ti fìwé sílẹ̀ ní High Court yẹn, akọ̀wé kóòtù ní ọjọ́ 60 láti kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ. Tí kò bá ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín ní ọjọ́ 30 láti kó o jọ.

Ẹ má fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fún lọ́yà nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ jọ ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀kan rí tí fọ́tòkọ́pì sọ sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, inú ẹ̀ di dúdú kirikiri, nọ́ńbà ara òpó ààlà kò ṣeé kà mọ́, bẹ́ẹ̀ orí nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ìjà wà. Ó ń dùn mí dòní. Ẹ gbé sọ́fè tiyín síbi ìmọ́lẹ̀, kí ọmọ tójú ẹ̀ ríran ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí yín létí.

Ẹ̀dà ìwé ìjọba tí wọ́n bá jẹ́rìí sí gbọ́dọ̀ ní orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀, ìbuwọ́lù, déètì àti òǹtẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ san fún ẹ̀dà náà. Wọ́n lè béèrè ẹ̀.

Ẹ ò bi mí ní èyí, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́: fífi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ kò dá ìdájọ́ dúró. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún yẹn lè wọ orí ilẹ̀ náà lọ gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Kí lọ́yà yín kọ̀wé ọ̀tọ̀ pé kí kóòtù so ìdájọ́ náà rọ̀ ná. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ sọ fún un.