Ta Ni Kí N Bẹ̀ Kó Kọ Lẹ́tà Fún Mi?

*Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mo ti parí háúsì jọ́ọ̀bù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ dókítà tuntun, mo sì fẹ́ lọ ṣe résídẹ́ńsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti di àgbà dókítà, nínú ìtọ́jú ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ dádì mi kan, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo èèyàn mọ̀, ní kí n kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọ́n máa béèrè lọ́hùn-ún fúnra mi kí àwọn bu ọwọ́ lù ú. A ò jọ ṣiṣẹ́ rí. Oṣù 3 ni mo lò lábẹ́ kọnsọ́tántì mi, ọ̀gá dókítà wa. Lóru ọjọ́ kan tí iná lọ, wọ́n wakọ̀ wá láti Yàbá, a jọ ń fọwọ́ tẹ báàgì atẹ́gùn fún ọmọ kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bá mi wí gan-an, ẹ̀rù ń bà mí láti bẹ̀ wọ́n. — Dókítà, Sùúrùlérè*

Dókítà mi, ìwọ fúnra rẹ ti dá ara rẹ lóhùn, o ò kàn fura ni. Ẹni tó dìde lórí ibùsùn lóru, tó gba báàgì nígbà tí apá ń ro ọ́, òun ló rí iṣẹ́ rẹ. Ó mọ̀ pé o ò sá. Ó gbọ́ bí o ṣe bá ìyá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń wá nínú lẹ́tà nìyẹn, torí "ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára" kò sí lẹ́tà tí kì í sọ ọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran: kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ rí sọ nípa rẹ?

Lẹ́tà tí ìwọ máa fọwọ́ ara rẹ kọ yẹn, jọ̀ọ́, má dán an wò. Irọ́ ni. Kí dádì rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn, kó tán síbẹ̀.

Lọ bá kọnsọ́tántì rẹ lójúkojú, má ṣe é lórí WhatsApp. Bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà tó máa gbè mí?" Kí o wá wo ojú wọn. Bí wọ́n bá ń fà sẹ́yìn, dúpẹ́, wá ẹlòmíì, torí lẹ́tà tí kò tọkàn wá ń ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ mi ò rò pé wọ́n á fà sẹ́yìn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ kò kàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ.

Lẹ́tà 4 ni ERAS, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń béèrè fún résídẹ́ńsì ní Amẹ́ríkà, gbà fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, 3 ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Bí dókítà kan bá ti rí iṣẹ́ rẹ ní Amẹ́ríkà, fi tiẹ̀ kún un. Fún oníkálukú ní fọ́ọ̀mù tìrẹ láti inú ERAS, àwọn fúnra wọn ni yóò gbé lẹ́tà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọwọ́ sí i pé o ò ní kà á. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn tó ń béèrè fún àyè, nítorí náà má jẹ́ kí oṣù kẹfà kọjá kí o tó bẹ̀ wọ́n.

Tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, mú oṣù àti wọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ wá sínú ìwé pélébé kan, kí o sì rán wọn létí òru ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ òru bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tìrẹ.