Iná máa ń lọ ní Houston náà: ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó dé

Àbúrò, o kọ ọ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ni ìwọ, ìyàwó rẹ àti ọmọ yín ọlọ́dún méjì ń kó bọ̀ ní Houston láti Abẹ́òkúta. O béèrè lọ́wọ́ àwa àgbà tó ti wà níbí bóyá òótọ́ ni pé iná máa ń lọ ní Texas, àti irú àdéhùn iná tó yẹ kí o fọwọ́ sí. O tún fi ẹ̀rín kún un pé o ti ń wá ẹni tí yóò ra jẹnẹrétọ̀ rẹ, pé ọjọ́ tí o bá gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ni ìwọ àti ariwo rẹ̀ pínyà. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé kí o fọkàn balẹ̀, pé iná kì í ṣẹ́jú níbí. Bóyá ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń gbé. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Alief, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Iná ti lọ mọ́ mi lójú níbí ju bí mo ṣe rò lọ nígbà tí mò ń kúrò n'Íbàdàn, ó sì ku díẹ̀ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Oṣù kejì ọdún 2021 ni. Kòrónà ò tíì kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù náà, wọ́n ti ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n pé òtútù ń bọ̀. A ò kà á sí. Òtútù wo ló fẹ́ mú Houston, ìlú tí a ti ń tan ẹ̀rọ amúlétutù lọ́jọ́ Kérésì nígbà mìíràn? Òru mọ́jú ọjọ́ Ajé ni iná pa. Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Ọkọ mi yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ní, "Wọ́n á mú un dé."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó mú un dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ la tó wá mọ ohun tó fà á. Ọ̀nà mẹ́ta ni wáyà iná Amẹ́ríkà pín sí: ti ìlà-oòrùn, ti ìwọ̀-oòrùn, àti ti Texas tó dá dúró gedegbe. Àwọn aláṣẹ Texas ò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ máa pàṣẹ lé wọn lórí nípa iná, nítorí náà ó pẹ́ tí wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wáyà wọn kọjá ẹnubodè. Nígbà tí òtútù yẹn dé, kànga gáàsì dì, páìpù gáàsì dì, àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó ń lo gáàsì ò rí gáàsì lò. Àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ dì. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ átọ́míìkì pàápàá dáwọ́ dúró. Gbogbo ilé sì tan hítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ni àwọn tó ń darí iná bá ní kí wọ́n gé e kúrò ní àdúgbò kan dé òmíràn, torí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 péré kí gbogbo rẹ̀ dojú dé pátápátá. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ ló bọ́ sínú òkùnkùn. El Paso, Texas kan náà ni, ṣùgbọ́n wáyà ìwọ̀-oòrùn ló so mọ́, iná wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ lórí rédíò pé grid tún ti ṣubú, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣàjèjì sí yín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni sẹ́nétọ̀ wa, Ted Cruz, bá ẹbí rẹ̀ wọ bàlúù lọ sí Cancun ní Mẹ́síkò. Ariwo sọ, ó padà lọ́jọ́ kejì, ó ní àṣìṣe ni. Bí mo ṣe ń ka ìròyìn yẹn lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní, Nàìjíríà náà ni mo ṣì wà yìí o.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó tì láti sọ. Lọ́jọ́ yẹn, òtútù ìta bọ́ sí 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò níbí. 32 ni omi ti ń dì, ìwọ náà ṣírò ó. Ooru ni wọ́n kọ́ ilé Houston fún, kì í ṣe òtútù. A kó gbogbo aṣọ bo àwọn ọmọ, títí kan aṣọ òkè tí mo fi ṣègbéyàwó. Bí wọ́n bá mí nínú pálọ̀, à ń rí i bí èéfín. Ọkọ mi bá lọ yá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Ayọ̀ ńlá! Ẹni tó ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ láti kékeré n'Íbàdàn, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ? Ó gbé e sínú gáréèjì nítorí yìnyín àti nítorí olè, ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì dé ìdajì, ó fa wáyà wọlé, ó gbé hítà kékeré kan sí yàrá àwọn ọmọ. Mo rántí pé mo sọ ọ́ lẹ́nu ara mi pé, "Ọlọ́run ṣeun tí a ò gbàgbé ilé."

Bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní orí ń fọ́ òun. Mo ní ebi ni. Ó bì. Mo ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Orí tèmi náà ń lù kìkì, mo ní àìsùn ni. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn, gbogbo nǹkan ni mo rí orúkọ fún àfi ohun tó ń ṣe wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti sùn. Mo pè é, kò dáhùn, ó kàn ń kùn. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí lu ilẹ̀kùn wa bíi pé ó fẹ́ já a. Baba ará Vietnam tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwa ni. Ọdún kẹrin tí a ti jọ ń gbé nìyẹn, a ò ṣe ju ká juwọ́ síra wa lọ. Gẹ̀ẹ́sì baba ò pọ̀, tèmi náà sì ti fò lọ lórí. Ó ń nawọ́ sí gáréèjì, ó ń fọwọ́ dí imú, ó ń pariwo pé ká jáde.

Ọkọ mi gbé ọmọ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A jókòó sínú mọ́tò létí títì, a pe 911. Àwọn panápaná mú ẹ̀rọ kan wọlé, ó ń ké pípí-pípí látẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú ọkọ mi, kò bú u. Ó kàn ní ilé wa kọ́ ni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fi ọ́síjìn sí àwọn ọmọ nímú, wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, ilẹ̀ sì ti mọ́ kí ọmọ mi ọkùnrin yẹn tó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó yẹn rí.

Carbon monoxide ni orúkọ gáàsì náà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ilé wa n'Íbàdàn, fèrèsé louver rẹ̀ kì í tì tán, ẹ̀yìnkùlé sì ni jẹnẹrétọ̀ máa ń wà. Síbẹ̀ náà, à ń gbọ́ nílé pé tọkọtaya kan sùn wọn ò jí, àwọn èèyàn á máa wá àjẹ́ tó ṣe é. Ilé Amẹ́ríkà wá dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lómorí. Wọ́n ti dí gbogbo ihò kí atẹ́gùn má bàa sá jáde, nítorí náà èéfín tó bá wọlé ti wọlé nìyẹn. Bí a ṣe ń lo jẹnẹrétọ̀ ò yí padà, ilé tí a gbé e sí ló yí padà, a ò sì ronú kan ibẹ̀ rárá. Èèyàn 246 ni ìjọba Texas kà pé ó kú nínú ọ̀rọ̀ náà. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n irú gáàsì yìí pa nínú wọn.

Nítorí náà, kí o tó ra kọ́tìnnì tí ìyàwó rẹ á fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ra ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbọ́ gáàsì yẹn, èyí tó ń lo bátìrì, kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Gáréèjì kọ́, kódà bó bá ṣí gbayawu. Ẹ má ṣe gbé èédú wọlé, ẹ má ṣe tan sítóòfù gáàsì torí kẹ́ ẹ lè yáná.

Iná dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Kí n tó pariwo tán, òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nínú pálọ̀. Inú àjà ni páìpù omi ń gbà ní ọ̀pọ̀ ilé níbí. Tiwa ti dì, ó ti bẹ́, a ò mọ̀ títí yìnyín inú rẹ̀ fi yọ́. Àjà ya lulẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ mi ń sáré kiri, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi. Ọdún mẹ́rin nínú ilé, a ò mọ ibẹ̀! Baba yẹn náà ló tún mú irin gígùn kan dé, ó ṣí ìdérí kan létí títì, ó yí nǹkan inú rẹ̀, omi dá. Onílé tún àjà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní ẹrù wa ò kan òun. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ: ilé ni ìnṣọ́ránsì onílé wà fún, ayálégbé ló ń ra tirẹ̀ fún ẹrù ara rẹ̀. Ohun tí mò ń san lórí rẹ̀ lóṣù báyìí kò tó owó jọ̀lọ́ọ̀fù àwo méjì ní ilé oúnjẹ Nàìjíríà ní òpópónà Bissonnet.

Omi náà ò ṣeé mu. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21 ni wọ́n ní kí gbogbo Houston máa se omi kí wọ́n tó mu ún. A ń fi korobá pọn omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé alájọgbé tó wà níwájú wa, òun la fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo gbé korobá omi gbígbóná àti ike kékeré fún ọmọ mi kó fi wẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò yípo, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kó máa tú omi.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn iná: ní ibi tó pọ̀ jù ní Texas, ìwọ lo máa yan ẹni tí yóò ta iná fún ọ, bí èèyàn ṣe ń yan nẹ́tíwọ̀kì fóònù. Ìjọba ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Power to Choose tí o ti lè fi wọ́n wé ara wọn. Mú èyí tí iye rẹ̀ ò ní yí padà títí àdéhùn á fi parí. Arábìnrin kan níbi iṣẹ́ mi, iná ò lọ nílé rẹ̀ rárá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo wa ń jowú rẹ̀. Àṣé iye ọjà ni àdéhùn tirẹ̀ ń tẹ̀ lé, iye ọjà sì ti fò dé dọ́là mẹ́sàn-án lórí ẹyọ kílówáàtì kan fún wákàtí kan, ohun tí àwa ń ra ní bíi sẹ́ǹtì mẹ́wàá, méjìlá. Bíìlì tó gbà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là. Bí o ṣe jẹ́ àlejò tí kò tíì ní àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè níbí, wọ́n lè ní kí o kọ́kọ́ fi owó kan sílẹ̀. Má jẹ́ kí ìyẹn lé ọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń polówó pọ́ọ́kú. Ka iye tí wọ́n máa gbà bí o bá fẹ́ kúrò kí àdéhùn tó pé.

Ọdún 2021 yẹn náà ni ìpínlẹ̀ ṣòfin pé kí àwọn amúnáwá wọ ẹ̀wù òtútù fún ẹ̀rọ wọn, nǹkan sì ti sàn díẹ̀ lápá ibẹ̀. Ìjì kò mọ òfin. Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl wọlé, òpó wó, igi wó lu wáyà, ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà láìsí iná. Tiwa gba ọjọ́ mẹ́fà, nínú ooru tó ń mú èèyàn láàgùn lórí ìjókòó. A ti ní jẹnẹrétọ̀ tiwa nígbà náà. A fi ṣéènì dè é mọ́ igi ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà jíjìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wáyà kan wọ ilé wa, èkejì gba orí ọgbà kọjá lọ sọ́dọ̀ baba, nítorí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú fíríìjì.

Jẹnẹrétọ̀ tìrẹ, má tà á, má sì ronú àtigbé e bọ̀. Iná ilé wa ju fóltì 220 lọ, tibí ò ju 120, kò ní bá nǹkan kan mu. Gbé e fún ìyá rẹ. Kí o tó fọwọ́ síwèé ilé tí ẹ fẹ́ gbé, ní kí onílé mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ti omi, kí o fọwọ́ ara rẹ tì í, kí o sì ṣí i padà.